Sẹ̀gilọlá àti Tánkà Omi

Àbúrò mi ni Sẹ̀gilọlá. Ọmọ Ọ̀jọ́ ni wá. Ó kọ́lé sí Okokomaiko, ó sì ń ta símẹ́ńtì ní Àjàngbádì. Kì í ṣe nǹkan ní kékeré. Bó bá ń kí ènìyàn, ó máa kí ajá onítọ̀hún pẹ̀lú.

Lẹ́yìn ilé rẹ̀ ni kànga ẹ̀rọ kan wà, tí ilé-iṣẹ́ kan tó ti kógbá sílé gbẹ́. Ó jìn gan-an, omi inú rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lọ́dún 1991, Ọdúnayọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan, wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun wọn ooru inú kànga náà. Ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ooru àti omi ṣe ń rìn nísàlẹ̀ ilẹ̀, bóyá ooru náà á tó ṣe iná mànàmáná. Ìwọ̀n ooru kànga yìí nìkan ló kù ú kù. Bí kò bá rí i gbà kí oṣù tó parí, kò ní gboyè.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa omi níbẹ̀ títí Ọjọ́bọ̀. Omi náà gbọ́dọ̀ sinmi."

"Kò séwu, ọmọ mi."

Ẹnikẹ́ni kò fà á. Àmọ́ nílé wa, a kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ilẹ̀ láìkọ́kọ́ ta omi tútù sílẹ̀. Sẹ̀gilọlá ro bí ihò náà ṣe jìn tó, ó ní ife omi kan kò lè débẹ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó pe tánkà omi kan, ó ní kí wọ́n dà á sínú kànga. Ó gbàdúrà títí tánkà fi gbẹ.

Ọdúnayọ̀ dé, ó sọ ẹ̀rọ tó fi ń wọn ooru sísàlẹ̀. Ó fà á sókè, ó wò ó, ó tún sọ ọ́ padà.

"Ìyá, ó tutù."

"A dúpẹ́. Mo ti ta omi sílẹ̀ fún ọ."

"Báwo ni omi náà ṣe pọ̀ tó?"

"Tánkà kan."

Ọdúnayọ̀ jókòó sílẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Sẹ̀gilọlá wé gèlè, ó tẹ̀lé e lọ bá ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníjì, ní Ìyànà-Ìbá. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ má bá a wí, sà. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Ọ̀jọ̀gbọ́n béèrè bí tánkà náà ṣe tóbi tó àti aago tí wọ́n dà á. "Ẹ dìde, Ìyá. Bí kànga náà bá ṣe yára lọ́ wọ́ọ́rọ́ padà ló máa fi hàn wá bí omi ṣe ń rìn nísàlẹ̀. Ọdúnayọ̀, máa lọ wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́."

Ó ń wọ̀n ọ́n. Sẹ̀gilọlá jókòó ti kànga pẹ̀lú igi lọ́wọ́, kò jẹ́ kí ayálégbé kankan sún mọ́ ọn. Ooru padà díẹ̀díẹ̀ kí oṣù tó parí. Kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀: ooru wà, kò tó ṣe iná. Ọdúnayọ̀ gboyè.

Ó mú ìwé iṣẹ́ rẹ̀ wá, ó ka ibi tó sọ̀rọ̀ nípa kànga náà síta: "A mọ̀ọ́mọ̀ da omi tútù sínú kànga."

Ó wo ilẹ̀. "Ìyá, ẹ má bínú. Bí wọ́n ṣe ní kí n kọ ọ́ nìyẹn."

"Kí ni n óò bínú sí? Ṣebí mo mọ̀ọ́mọ̀ dà á."