Okùn Àlejò

Lọ́dún tí Nàìjíríà ti bọ́dà pa, Ìyá Sẹ̀kínátù ń fi gígékù aṣọ rán aṣọ ìbora ní Ifangni níbí, ní ilẹ̀ Benin. Mi ò forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kàn máa ń lọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀ ni, tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé mi. Gígékù tí kò ní ìkejì, "àpọ́n" ló ń pè é. Ìrán tó bá wọ́, "ọ̀mùtí". Tí mo bá ti gbọ́ tuntun kan báyìí, oorun ò ní kùn mí mọ́.

Ọkọ rẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì, ti gbé ata lọ sí Agége kí bọ́dà tó tì. Oṣù mẹ́jọ, a ò gbúròó rẹ̀. Aṣọ ìbora kan wà lórí tábìlì tí ìyá ò jẹ́ tà. Àwọn ògbólógbòó ṣòkòtò Ọ̀ṣẹ́nì ló fi ṣe é.

"Ìyá, ẹ ò ní parí eléyìí ni?"

"Ẹni tó máa fi bora ò tíì dé. Kí ni mo ń sáré sí?"

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ìyá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń kó ẹ̀yinná sínú irin ìlọṣọ. Bàbá kan gun kẹ̀kẹ́ dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n fún eruku, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò tíì la ẹnu tí ìyá fi ké sí mi látẹ̀yìn:

"Mú àlejò kúrò níbẹ̀ kí n tó wọlé."

Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ni. "Bàbá, ẹ má bínú, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ."

"Èmi tí mo ti òdìkejì bọ́dà gba inú igbó wá?" Ó dìde. "Ó dáa. Rédíò yín ń pariwo pé ẹ ti múra tán fún ìyípadà. Àṣé àlejò lẹ múra tán láti lé."

Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ìyá gbé irin wọlé, ó wo aṣọ. "O ò yọ àlejò."

"Wọ́n ti lọ, Ìyá."

"Àwọn wo?" Ó fa okùn funfun gbọọrọ kan lára aṣọ náà. "Èyí ni àlejò. Òun ló ń bá wa di aṣọ mú kí ìrán gidi tó dé. Tí ìyẹn bá ti dé, a ó yọ ọ́." Ló wá gbójú sókè wò mí. "Ta lo ní ó lọ?"

Mo sọ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ òdìkejì bọ́dà. Ó gbé irin kalẹ̀, ó sáré dé títì láìwọ bàtà. Kò rí ẹnì kankan.

Kò bá mi wí. Lọ́jọ́ kejì, ó parí ìrán aṣọ náà pátápátá, ó ku kìkì okùn funfun. Mo nawọ́ láti yọ ọ́, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ọ̀kan ti lọ. Jẹ́ kí èyí jókòó."