Ìkọ́kọrẹ́ Gbẹ̀san Mi Lára Ọ̀gá Mi

Lónìí, ikùn ọ̀gá mi kùn lójú kọ́sítọ́mà, inú mi sì dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Ẹ má pè mí ní ìkà o. Ọjọ́ tí mo ti wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀ ló ti ń pè mí ní "Oníkùn Àgbá" torí pé ebi máa ń pa mí ṣáá. Lánàá, ó ní tí mo bá tún tọrọ àyè jẹun kí aago méjì tó lù, kí n kó sísọ́ọ̀sì mi lọ sílé.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá àgbà mi nílé, wọ́n ní, "Gààrí tí ò ń mu láàárọ̀ kì í dúró nínú. Jẹ ohun tó lépo!"

Láàárọ̀ yìí, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́ fún mi, epo pupa àti ẹja kún inú ẹ̀. Mo jẹ ẹ́ yó, mo sì gbé èyí tó kù dání lọ síbi iṣẹ́. Títí aago kan, ebi ò yọjú!

Ọ̀gá, tóun náà mu gààrí láàárọ̀, ni ikùn ẹ̀ ké gbùrùrù níbi tó ti ń wọn obìnrin kan.

Mo kọjú sí ọ̀gá, mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Aago méjì ò tíì lù o."

Kọ́sítọ́mà bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá rọra ní, "Ọmọ dáadáa, ṣé nǹkan ṣì wà nínú abọ́ yẹn?"

Mo jẹ ẹ́ tán lójú ẹ̀, mo tún lá epo ìdí abọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa bù fún un?