Ipa Iyọ̀ Nílẹ̀ Pálọ̀

Omi òkun kì í gbẹ kó má fi ẹ̀rí sílẹ̀. Níbi tó bá kán sí, iyọ̀ rẹ̀ yóò kù nílẹ̀ bí àmì funfun. Ìdí nìyí tí Aránṣọ fi dúró gbagidi lọ́jọ́ tó padà wálé lẹ́yìn tó gbé aṣọ fún oníbàárà. Àmì funfun ló tò láti ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn títí dé ìdí àpótí gíláàsì ńlá tó wà ní pálọ̀. Ó fi ìka mú ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Ẹja kan ṣoṣo ló wà nínú àpótí ńlá náà, arúgbó aláwọ̀ ìyeyè tí ọkọ rẹ̀ sọ ní Baálé. Nínú gbogbo ohun tí olóògbé náà fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú, Baálé nìkan ló ṣì ń mí. Aránṣọ ra ẹja kékeré kan kí Baálé lè rí ẹni bá gbé, ṣùgbọ́n a kì í sáré ti àlejò wọ yàrá onílé láìmọ ohun tó gbé wá. Ó fi í sínú àpótí kékeré ní yàrá ẹ̀yìn, omi òkun nìkan àti ègé páìpù kan tí yóò máa sá sí. Àwọ̀n rẹ̀ lọ́tọ̀, garawa rẹ̀ lọ́tọ̀. Nígbà ayé ọkọ rẹ̀, kò yé wí i: "Ẹ̀kán omi kan péré tó láti gbé àrùn wọlé."

Ta ló wá ń gbé omi ẹja àlejò náà lọ sí pálọ̀? Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin lórí fóònù.

"Ìyàwó wa, bùrọ̀dá mi ni o! Ṣebí bó ṣe máa ń kán omi káàkiri ilé nìyẹn."

"Àǹtí, ẹ má dẹ́rù bà mí. Òkú kì í pọn omi."

"Tìẹ lè máa pọn. Nígbà tó wà láyé, ó gbọ́ tìẹ rí ni?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó bẹ àlejò wò, àmì funfun bí hóró iyọ̀ ti yọ sí i lára. Àrùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpò aṣọ, ó dágbére, ó ṣílẹ̀kùn, ó tún un tì, ó sì fara pamọ́ sẹ́yìn kọ́tìnì. Kò pẹ́ tí ìyá ọkọ rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, tí ọjọ́ ogbó ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ iyè rẹ̀, jáde láti yàrá ẹ̀yìn pẹ̀lú ife omi tó bù nínú àpótí àlejò. Ó ń bá ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀: "Mo ti gbọ́. Rọra, mo ń bọ̀." Ó da omi náà sórí Baálé.

"Màmá! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ìyá àgbà kò ta gìrì. "Ọkọ rẹ ló rán mi. Ó ní ìdánìkanwà ń pa ẹja òun."

Aránṣọ sún mọ́ àpótí. Ó yíjú sí Baálé: hóró funfun kan ti wà ní ìrù rẹ̀.

Kò sí ohun tó kù ju kó gbé e lọ bá àlejò, kó da oògùn sí omi àwọn méjèèjì, kó sì fi àpótí ńlá sílẹ̀ láìsí ẹja, nítorí àrùn náà yóò kú bí kò bá rí ara tí yóò jẹ. Ó bẹ Àǹtí kó gba Màmá sọ́dọ̀ fúngbà díẹ̀. Ilé wá dá páropáro. Ní pálọ̀, iná ń tàn sórí omi tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ní yàrá ẹ̀yìn, Baálé kọ oúnjẹ, ó kórí sínú páìpù.

"Jọ̀ọ́, jẹun," ni Aránṣọ máa ń bẹ̀ ẹ́. "Kí ni màá sọ fún olówó rẹ?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Baálé yọjú, ó sì já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ náà kò tíì gbẹ tí fóònù fi dún. Màmá ni.

"Ìyàwó mi, ó ti jẹun, àbí?"

"Ta ló sọ fún yín, Màmá?"

"Ta ló tún kù?"

Aránṣọ sọ fún ara rẹ̀ pé àgbàlagbà lè méfò kó bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Màmá ti lọ, kò béèrè ẹja rí. Ó wo ilẹ̀. Ilẹ̀ gbẹ, kò sí àmì kankan. Síbẹ̀, ó mú àkísà, ó nu ún láti yàrá ẹ̀yìn dé ìdí àpótí tó ṣófo, ó ń nu ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnì kan yọ̀ ṣubú.