Aṣọ Tí Tuful Tẹ́ fún Hamra

Kí kùrukùru tó gun òkè Dófárì láti inú òkun, gbogbo ràkúnmí gbọ́dọ̀ ti sọ̀kalẹ̀ lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. A kì í bá kùrukùru jiyàn. Òjò wa kì í rọ̀ gììrì. Ń ṣe ló ń ṣẹ́ winniwinni láti oṣù dé oṣù, tí oòrùn yóò fi di ohun tí à ń rántí. Màlúù a yó. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ràkúnmí fẹ̀, ó sì rọ̀ bí ìrọ̀rí. Iyanrìn ni Ọlọ́run dá a fún. Èyí tó bá yọ̀ lórí amọ̀ tútù á dá lẹ́sẹ̀, èyí tó bá sì dá lẹ́sẹ̀, ọ̀bẹ ló kù.

Tuful mọ èyí dáadáa. Inú ihò àpáta lórí òkè yìí ni wọ́n bí i sí, láàárín ẹran bàbá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Suhail ọmọ rẹ̀ ti bá iṣẹ́ lọ sí Máskátì, olú ìlú, ọ̀dá sì ti pa ọ̀wọ́ náà tán. Hamra nìkan ló ṣẹ́ kù, abo pupa kan tó lóyún. Bí Hamra bá lọ, ìran ràkúnmí ilé bàbá rẹ̀ parí nìyẹn.

Nígbà tí a ń da tiwa sọ̀kalẹ̀, Tuful ní kí a máa lọ. Ó ń bẹ̀rù pé ìrìn lè ba oyún jẹ́. "Afẹ́fẹ́ ò tíì yí," ló wí. Àfi bí kùrukùru ṣe ṣáájú àkókò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kejì, amọ̀ ti di ọṣẹ.

Èmi àti Musallam, àbúrò Tuful, gòkè padà. A bá Tuful tó di okùn Hamra mú, Hamra ń gbọ̀n létí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Musallam ní, "Ìyá Suhail, mo sọ fún yín àbí n ò sọ? Ṣé ẹ fẹ́ pọ̀n ọ́n ni?"

"Tí ẹ̀yìn mi bá gbà á, ǹ bá ti pọ̀n ọ́n kí o tó dé. Ẹnu lo gbé wá àbí ọwọ́?"

"Ọwọ́ ni. Ẹnu kàn tẹ̀lé e wá ni."

Tuful kó ẹní àti kúbùsù ilé rẹ̀ jáde. A ń tẹ́ wọn síwájú Hamra. Bó bá ti kọjá, a ó ká tẹ̀yìn, a ó tún un tẹ́ síwájú. Nígbà tí ẹrẹ̀ ti mu wọ́n tán, Tuful mú aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ wá, àrán dúdú tó ń wọ́lẹ̀ lẹ́yìn.

Musallam ní, "Kí lẹ máa wá wọ̀ ròde?"

"Ta ni mo fẹ́ lọ kí?"

Orí àrán náà ni ìrọbí ti mú Hamra tó fi kúnlẹ̀. Ibẹ̀ ló bí ọmọ rẹ̀ sí. Abo ni. Hamra fẹ́ dìde lá ọmọ rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, a sì gbọ́ ìró egungun. Tuful fúnra rẹ̀ ló di orí Hamra mú fún ọ̀bẹ, ó ń kọ orin tó fi máa ń pè é wálé sí i létí.

Musallam bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. A fi àrán wé ọmọ náà, a sì gbé e sí i lẹ́yìn kó pọ̀n ọ́n.

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, gbogbo abo ọlọ́mú tí a mú un tọ̀ ló ń ta á nípàá. Ó kan abo tèmi. Abo náà gbóòórùn àrán tó wà lára ọmọ náà títí. Nígbà tó ṣe, a gbọ́ tí ọmọ náà ń mu ọmú.

Tuful kò wò ó. Òkè ló kọjú sí, níbi tí Hamra wà, tí kùrukùru ti gbé e mì.