Òòfà Tí Mo Fi Sílẹ̀ Sínú Iná

Láti kékeré ni ìdí mi kì í ti í gbélẹ̀. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, dumsor gbòde ní Accra, iná mànàmáná á wá, á tún lọ. Yunifásítì tí mo ti ń kọ́ nípa irin ní Kumasi gba ìsinmi, mo sì wà ní ilé arọ bàbá mi ní Tudu, níbi tó ti ń fi sípíríìngì ọkọ̀ àlòkù rọ ọ̀bẹ fún àwọn ẹlẹ́ja Jamestown.

Ojú bàbá mi ti ń ṣe bàìbàì. Bí irin bá ṣe pọ́n sí ló fi ń mọ̀ pé ó tó rì bọ ọ́ìlì kó lè le, kò sì rí i dáadáa mọ́. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ba ọ̀bẹ oníbàárà jẹ́, òun á ti ilé arọ náà pa. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn bà mí. Mo tú òòfà inú sípíkà tó ti bàjẹ́, mo so wáyà mọ́ ọn.

"Bàbá, ẹ máa fi kan irin nínú iná. Tó bá ṣì ń fà á, kò tíì tó. Tí irin bá gbóná débi tí inú rẹ̀ yí padà, òòfà ò ní fà á mọ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ rì í."

"Ìwé ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ọwọ́ yín ló máa sọ ọ́."

Ọ̀bẹ tó kọ́kọ́ fi ṣe mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin lẹ́nu iṣẹ́, èmi náà ń ṣe fọ́ńté.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, Bàbá ń ṣe àlùwàlá, èmi ni mo dúró ti iná pẹ̀lú òòfà lọ́wọ́. Ni iná mànàmáná bá dé. Mo gbé òòfà lé orí irin tó ń pọ́n nínú iná, mo sáré lọ fi fóònù mi sí ṣáàjì. Nígbà tí mo padà, òòfà náà ti gbóná janjan. Mo fi ẹ̀mú gbé e, mo fi kọ́ ibi tó máa ń wà, mo sì bá tèmi lọ. Òun ni Bàbá fi ṣe gbogbo ọ̀bẹ ọjọ́ náà.

Ní Sátidé, ìyá ẹlẹ́ja kan kó wọn padà wá.

"Alata," ó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá ní Accra pe Bàbá, "àwọn ọ̀bẹ yìí ń tẹ̀ lára ẹja."

"Ẹ má bínú, ìyá," ni Bàbá wí. "Ojú mi ni."

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo fi òòfà náà kan ìṣó kan. Ìṣó ò lẹ̀ mọ́ ọn. Iná ti pa agbára rẹ̀, kò lè fa irin kankan mọ́, tútù tàbí gbígbóná. Gbogbo irin tí Bàbá fi kàn ló dà bíi pé ó ti tó, ó sì ń rì wọ́n láìtó àkókò. Ọdún kìíní ni wọ́n ti kọ́ wa níyẹn. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ ọ́. Ní Sọ́ńdè, mo wọ ọkọ̀ trotro lọ sí Tema, mo tún wọ òmíràn padà, mi ò ní nǹkan kan tí mo lọ ṣe níbẹ̀.

Ní Mọ́ńdè, mo bá Bàbá tó ń di àwọn òòlù rẹ̀ sínú àpò, ó fẹ́ tà wọ́n. Ìgbà yẹn ni mo tó jẹ́wọ́. Ó gba òòfà, ó fi kan òòlù kan, ó tún fi kan òmíràn.

"Kì í ṣe ojú mi?"

"Kì í ṣe ojú yín, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ dùn gan-an. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé, "Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Sátidé."

Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àpò náà. Mo nawọ́ láti ràn án lọ́wọ́, ó rọra gbé ọwọ́ mi kúrò.