Ewé Tútù Lójú Oríta

Ìró ẹ̀ka igi tó kán ló máa ń sọ fún mi pé a ti dé oríta. Ìyá àgbà yóò rọra bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, agbọ̀n orí wọn ò ní mì rárá, wọn yóò ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, wọn yóò sì fi dábùú ọ̀nà tí kì í ṣe tiwa. Òórùn ewé náà á dà pọ̀ mọ́ ti ẹ̀gẹ́ rírẹ tó ti wọ aṣọ wọn.

"Èyí tí mo bá fi ewé dí, má yà síbẹ̀ o."

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tá a ń pè ní Dádì Ìbàdàn, gun ọ̀kadà wá sí Lálúpọn láti wá mú Ìyá àgbà lọ sí ìgboro. Wọ́n ní ojú ìyá àwọn ti ń ṣe bàìbàì, pé lọ́jọ́ kan, wọn yóò sọnù sóko. Ìyá àgbà ti jáde lọ sóko láàárọ̀, ni Dádì Ìbàdàn bá ní ká jọ lọ pè wọ́n. Inú mi bàjẹ́. Ta ni yóò máa sun àgbàdo fún mi?

Nígbà tá a dé oríta àkọ́kọ́, wọ́n yọ fóònù, ṣùgbọ́n máàpù inú rẹ̀ ò mọ oko wa. Bí wọ́n ṣe rí ewé nílẹ̀, wọ́n mirí.

"Ṣé o rí i? Màmá ti ń sàmì sọ́nà kí wọ́n má baà ṣìnà. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá bí mo ṣe rò."

Mo tọ́ka sí ọ̀nà tí kò ní ewé, a gba ibẹ̀.

Ní oríta kẹta, ewé wà lójú ọ̀nà méjèèjì. Dádì Ìbàdàn dúró, wọ́n ń họrí. Mo fọwọ́ kan ewé ọwọ́ ọ̀tún, ó rún sí mi lọ́wọ́. Ti ìjẹta ni, nígbà tá a gba apá òsì lọ ká ilá. Ti ọwọ́ òsì ṣì ń sun oje.

"Òsì ni wọ́n dí lónìí. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀tún." Mo ṣíwájú, mo ń yan bí ọ̀gá.

A bá Ìyá àgbà níbi tí wọ́n ti ń wa ẹ̀gẹ́.

"Ta ló júwe ọ̀nà fún yín?"

"Ewé yín ni," ni mo wí.

Dádì Ìbàdàn ní, "Màmá, ẹ ti ń gbàgbé ọ̀nà. Ẹ ti ń fi ewé sàmì."

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sórí ebè.

"Èmi kẹ̀? Ẹsẹ̀ mi ti mọ oko yìí kí n tó bí ẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bọ̀ lẹ́yìn ni mò ń já ewé sílẹ̀ fún. Ìwọ lo ti gbàgbé."

Dádì Ìbàdàn ki fóònù bọ àpò. Àwọn ni wọ́n ru agbọ̀n ẹ̀gẹ́ délé, wọn ò sì dárúkọ ìgboro mọ́.

Èmi náà ti ń gbé Ìbàdàn báyìí. Bí mo bá ń júwe ilé mi fún àlejò, ibi tí kò gbọ́dọ̀ yà sí ni mo kọ́kọ́ ń sọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa fi mí rẹ́rìn-ín. Kò dùn mí, mo mọ ẹni tó kọ́ mi, mo sì ń fi wọ́n yangàn.

Lẹ́yìn tá a sin Ìyá àgbà, a lọ wa ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀. Èmi ni mo ṣíwájú. Nígbà tí mo dé oríta, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ṣẹ́ ẹ̀ka tútù kan, mo fi dábùú ọ̀nà. Dádì Ìbàdàn ń bọ̀ lẹ́yìn.