Bàbá Aláago àti Káàdì Tí Wọ́n Pò Lẹ́ẹ̀mẹrin

Títí dòní, tí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Bàbá Aláago, ọjọ́ tó fò dìde nílé tẹ́tẹ́ ni gbogbo ayé fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tí àdúgbò ń pè ní Ìyá Aránṣọ, jókòó sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ káàdì tí wọ́n ń pè ní Mọ́kànlélógún. Obìnrin tó ń pín káàdì ń pò ó lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, Bàbá tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Ó pò ó lẹ́ẹ̀kan, ó pò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó pò ó lẹ́ẹ̀kẹta. Ló bá sín. Bóyá sísín náà ló da ọkàn rẹ̀ rú, ó tún un pò.

Bàbá fò dìde. "Áà! Ọmọ mi, o ti bà á jẹ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta lo máa ń pò ó, kí ló dé tó di mẹ́rin?"

Ọ̀gá ilé tẹ́tẹ́ rọra sún mọ́ wọn. "Ẹ má bínú, Bàbá. Kí lẹ ń ka iye ìgbà tó ń pò ó fún?"

"Kí n má baà sùn lọ ni."

"Ọ̀sán gangan yìí, Bàbá?"

"Oorun ọ̀sán ló mà le jù!"

Ọ̀gá fún un ní omi tútù ìgò kan, ó sìn ín dẹ́nu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kó má padà wá mọ́. Ìyá Aránṣọ tẹ̀ lé wọn, ó fi báàgì bojú. Kì í ṣe ìtìjú o, ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ.

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi tún aago ọwọ́ ṣe. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú tó ti ń rí ìṣó tí kò tó orí abẹ́rẹ́ kò ríṣẹ́ ṣe mọ́. Oníbàárà tó wá gba aago kẹ́yìn ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n tí wọ́n fi ń jẹ nídìí káàdì, ni Bàbá bá sáré wálé wá ṣàlàyé fún ìyàwó.

"Nílé tẹ́tẹ́, wọn kì í po káàdì kúnná. Tí àwọn káàdì ńlá, bí ọba àti ayaba, bá ti kó jọ sójú kan, o ò ní mójú kúrò lára wọn bí wọ́n ṣe ń pò ó. Tí wọ́n bá wá ní kó o gé káàdì sí méjì, ibi tí wọ́n wà gan-an lo máa gé, kí wọ́n lè kọ́kọ́ jáde. Ìgbà yẹn lèèyàn máa ń jẹ, ìgbà yẹn sì lo máa wá fi owó gidi sílẹ̀."

"Kò yé mi."

"Da ẹ̀kúnwọ́ bọ́tìnnì pupa sínú funfun, kó o pò ó lẹ́ẹ̀mejì péré. Ṣé pupa á tàn kálẹ̀? Wọ́n á ṣì kó jọ síbì kan."

Ìyá Aránṣọ fa agolo bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ra. "Bàbá, ẹ fi ohun tó bá wù yín ta tẹ́tẹ́, ẹ má ṣáà fọwọ́ kan bọ́tìnnì mi."

Ṣùgbọ́n ó gbà láti ràn án lọ́wọ́. Láràárọ̀, tí wọ́n bá ti mu tíì tán, á kó páálí káàdì mẹ́fà sórí tábìlì, á pò ó, á ní, "Níbo ni wọ́n wà?" Bàbá á nawọ́. Irọ́ ni. Oṣù mẹ́ta gbáko, irọ́ ni. Ó ní fáànù ló ń da òun láàmú, wọ́n pa fáànù. Ó ní ariwo ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó òun ni, ìyàwó bọ́ ẹ̀gbà. Ó tún nawọ́ síbi tí kò sí nǹkan kan. "Ṣé o rí i báyìí?" ló ní. "Ẹ̀gbà yẹn ló ti ń ràn mí lọ́wọ́ látọjọ́ yìí!"

Ohun tí Ìyá Aránṣọ ò jẹ́ sọ fún un ni pé, láti ọ̀sẹ̀ kejì, òun ti mọ ibi tí wọ́n wà.

Nígbà tó yá, Bàbá náà mọ̀ ọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ lọ ta á nílé tẹ́tẹ́, ó fojú bá àwọn káàdì ńlá lọ láìṣìnà, ó gé e, ni wọ́n bá ń jáde: ọba, ayaba, éèsì, ọba. Bàbá ń pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ tẹnu bọ̀ ọ́ létí: "Èló lẹ fi sílẹ̀?"

Bàbá wo iwájú ara rẹ̀. Owó tó kéré jù lọ ló wà níbẹ̀. "Ìyá àwọn ọmọ, ta ló ń sọ ti owó? O ò rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ni?"

Ẹ̀ẹ̀kejì tí wọ́n lọ ni obìnrin tó ń pín káàdì yẹn sín.

Àwọn ọmọ wọn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Kò parí. Ọdún márùn-ún sí i ni wọ́n fi ń po káàdì nílé, láìfi kọ́bọ̀ sílẹ̀. Nídìí káàdì yìí ni Ìyá Aránṣọ ti gbọ́ ohun tí kò gbọ́ rí látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, torí pé ìdí aago lọkọ ń wà tẹ́lẹ̀, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lòun ń wà. Ó gbọ́ bí ẹ̀rù ṣe ba Bàbá lọ́jọ́ tó wá tọrọ òun nílé bàbá òun, tó fi lọ bá ọkùnrin tó ń tún òrùlé ilé náà ṣe, tó pè é ní bàbá ìyàwó. Ọkùnrin náà sì ti gbà láti fún un níyàwó kí bàbá gidi tó jáde síta.

Lọ́dún tó kẹ́yìn, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ìyá Aránṣọ kàn ń pò ó jẹ́jẹ́ ni, ó ń kó àwọn káàdì ńlá jọ síhà ibi tó mọ̀ pé ọwọ́ ọkọ òun máa lọ. Bàbá á nawọ́, á bá wọn níbẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ kí ó tó pò ó tán. "Ìyá àwọn ọmọ, o ti ń mú un rọrùn fún mi."

"Apá ló ń dùn mí."

"Irọ́ ni." Kò tíì mú ọwọ́ kúrò. "Ṣùgbọ́n máa pò ó lọ."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Tí àlejò bá ń bi Ìyá Aránṣọ báyìí bóyá Bàbá tiẹ̀ mọ ibi tí káàdì wà lóòótọ́, kì í ronú rárá kó tó dáhùn.

"Ó mọ̀ ọ́n," ni á wí. "Kò ṣì í rí."